Nọ́ńbà Méje Lọ́rùn Ọ̀gá Ó-Wà

Kí n tó sọ bó ṣe ṣubú, ẹ jẹ́ kí n pe orúkọ oyè rẹ̀ tán, nítorí bí mo bá gé e kù, yóò kọ ìwé sí mi. Òun ni Alábòójútó Àgbà Pátápátá fún Ìtàn, Òkúta, Irin, Gbogbo Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ilẹ̀ àti Díẹ̀ Lára Ohun Tó Wà Lókè Rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ kò sọ ju "Alábòójútó" lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ìyókù kún un lọ́dọọdún, bí ẹni tó ń kọ́ àjà lé ilé tí kò ní ìpìlẹ̀.

Ohun tí gbogbo oyè yìí ń bójú tó, ihò kan ṣoṣo ni. Ihò kùsà irin tí ẹnikẹ́ni kò wa mọ́ láti bí ọgọ́ta ọdún. Òkè pupa kan ni, pẹ̀lú ilẹ̀kùn irin ńlá lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àti ahéré kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bẹ́ ẹ bá rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ó dé ọ́fíìsì àti gbọ̀ngàn. Láàárín méjèèjì ni ilé méjìlá tó so mọ́ra wọn lábẹ́ òrùlé páànù kan náà, níbi tí àwọn ọmọ awakùsà ń gbé. Ọmọ ni mo pè wọ́n, àmọ́ irun orí wọn ti funfun.

Òkúta mẹ́ta ló wà nínú òkè náà, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi wọ́n sọ́kàn. Àkọ́kọ́ dúdú, ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, bẹ́ ẹ bá gbé ìṣó sún mọ́ ọn, á fà á mọ́ra. Èkejì pupa, bẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á, ọjọ́ mẹ́ta lẹ ó fi fọ ọwọ́ kó tó mọ́. Inú àwọn méjèèjì yìí ni irin wà. Ìkẹta ń dán yanran bíi wúrà, kì í sì í ṣe wúrà, kò sí nǹkan gidi kan tí wọ́n ń fi í ṣe níbẹ̀. Òpùrọ́ ni àwọn awakùsà ń pè é, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ ti mọ èyí tí ọ̀gá wa fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó kó Òpùrọ́ sínú àpótí gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé WÚRÀ ÀWỌN BABA ŃLÁ WA.

Òkúta dúdú ní tiẹ̀ kò rí ojúure rẹ̀. Ọjọ́ kan ló ń mú àwọn àlejò kiri, ó sì fi àmì ẹ̀yẹ fàdákà kan sí àyà. Ó ní òkè òkun ni wọ́n ti fi dá òun lọ́lá. Bó ṣe tẹ̀ ba lórí òkúta dúdú láti ṣàlàyé ohun tí kò mọ̀, àmì ẹ̀yẹ já láyà rẹ̀, ó lọ lẹ̀ mọ́ òkúta náà pàkà. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn rí ló mọ̀ pé òkúta yẹn kì í fa fàdákà. Irin ló ń fà. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn ń wo bàtà wọn. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá kọ ìwé ìbéèrè sí òkúta náà pé kó wí tẹnu rẹ̀ lórí ìwà àfojúdi tó hù níwájú àlejò. Wákàtí mẹ́rìnlélógún kọjá, òkúta kò fèsì. Ọ̀gá dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má rò pé mo ń ṣàwàdà. Fáìlì rẹ̀ wà níbẹ̀, akọ̀wé fi nọ́ńbà sí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkúta ló fún un lórúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ọ̀gá kì í tètè dé ibi iṣẹ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí kì í dé rárá. Àlejò kan wá lọ́jọ́ kan, ó bi òjíṣẹ́ pé ọ̀gá ń kọ́, òjíṣẹ́ tó jẹ́ olóòótọ́ èèyàn ní wọn ò tíì dé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òjíṣẹ́ ti di aláìníṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àṣẹ kan ti wà lára ògiri:

"Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé Alábòójútó Àgbà Pátápátá kò sí. Wíwà mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran ara, ọ̀rọ̀ ipò ni. Ibi tí ìjókòó mi bá wà, ibẹ̀ ni mo wà. Kí a máa kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan pé: Ó wà."

Akọ̀wé, ọkùnrin kan tí ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju ọkàn rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ dúró de wákàtí. Ó jókòó lọ́jọ́ Ajé kan, ó kọ "Ó wà" títí dé ìparí ọdún. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kí ìjókòó. Òṣìṣẹ́ tó bá wọlé láàárọ̀ á tẹ̀ ba fún àga aláwọ náà, á ní ẹ káàárọ̀, sà. Ọ̀kan nínú wọn tó ń wá ìgbéga tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ṣé wọ́n sùn dáadáa. Ìyàwó ọ̀gá nìkan ni kò gbọ́n tó wọn. Ó mú awò ojú ọkọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ní wọ́n wà, ó wo àga náà títí, ó sì ní kí wọ́n bá òun sọ fún un pé tó bá délé lálẹ́ kó ṣàlàyé ibi tó sùn lánàá.

Bó ṣe di Ọ̀gá Ó-Wà nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, níbi tí ẹ̀rín ti máa tán lẹ́nu yín díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń wa kùsà, awakùsà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà idẹ tirẹ̀, pẹlẹbẹ róbótó, kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Tó bá ń wọnú ihò, á fi kọ́ sórí pátákó inú ahéré. Tó bá jáde, á mú un. Wọ́n fi ọ̀dà kọ òfin náà sára ògiri, ó ṣì wà níbẹ̀: BÍ NỌ́ŃBÀ KAN BÁ ṢÌ KỌ́, MÁ TI ILẸ̀KÙN. BÍ PÁTÁKÓ BÁ ṢÓFO, TÌ Í.

Ọjọ́ kan ni omi já wọnú ihò. Àwọn tó lè sá sá jáde, wọ́n mú nọ́ńbà wọn. Méje ṣẹ́kù lórí pátákó. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nígbà náà rí i pé bí òun bá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, òun ní láti rán èèyàn wọlé, bí òun bá sì rán èèyàn wọlé, wọn á bi òun léèrè ìdí tí omi fi já. Ó ká nọ́ńbà méjèèje sápò. Ó ní ẹ wò ó, pátákó ti ṣófo. Ó ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń gbọ́ ìró lára ilẹ̀kùn yẹn, tí ọ̀gá ń sọ pé omi ni.

Ìyàwó nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n lọ gbaṣẹ́ agbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ọkùnrin náà. Oṣù mẹ́rin ló fi gbálẹ̀ fún un kó tó rí méjèèje nínú dúrọ́ọ̀. Ó kó wọn padà sórí pátákó, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, ó ṣí ilẹ̀kùn. Omi ló bá níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún gbójúgbóyà ti ilẹ̀kùn náà pa, nítorí nọ́ńbà ṣì kọ́. Wọ́n kàn máa ń fà á pọ̀ ni. Nígbà tí obìnrin náà kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin gba iṣẹ́ ìtọ́jú nọ́ńbà ṣe láìsí owó oṣù. Ìyá Onínọ́ńbà ni gbogbo ilé méjìlá ń pè é. Ní ọ̀sán gangan lójoojúmọ́, á nu pátákó, á pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, á dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ọkùnrin kan lè fi dáhùn, á wá pe èkejì.

Ọ̀gá Ó-Wà wọnú ahéré náà ní ọjọ́ kan, ó rí idẹ méje tó ń dán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó kù. Ó kó wọn, ó ní kí wọ́n fi wọ́n ṣe ẹ̀gbà ọrùn fún òun, nítorí Alábòójútó Àgbà Pátápátá kò gbọdọ̀ rìn kiri lọ́rùn òfìfo nígbà tí olùyẹ̀wò bá dé láti orílé-iṣẹ́.

Ìyá Onínọ́ńbà lọ bá a. Ọjọ́ yẹn, orí ire, ara rẹ̀ wà lórí àga náà.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi wọ́n síbi tí wọ́n wà. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá mi ni."

Ọ̀gá fara ti àga. "Màmá, ìtàn kì í kọ́ sára ìṣó. Ìtàn ń wá ọrùn tó lè gbé e."

"Àwọn náà ní ọrùn nígbà kan, sà."

Akọ̀wé wúkọ́. Ọ̀gá kò gbọ́ ohun tí obìnrin náà sọ, nítorí kì í gbọ́ ohun tó bá kéré sí gbólóhùn ìyìn. Ó wá ṣàlàyé fún un, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ ilé-ìwé, pé kò yẹ kó máa dààmú lórí nọ́ńbà nígbà tí ilé rẹ̀ gan-an ń lọ. Òun fẹ́ wó ilé méjìlá yẹn kalẹ̀, kí òun kọ́ Gbọ̀ngàn Ìrántí síbẹ̀, pẹ̀lú ère òun lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti dígà léjìká. Ọkùnrin tí kò gbé dígà rí láyé rẹ̀. Ìwé ti wà nílẹ̀. Olùyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́rú, níṣojú rẹ̀ ni òun yóò ti fọwọ́ sí i. Aago méjì ọ̀sán ni olùyẹ̀wò náà máa padà. Bí ọwọ́ kò bá tíì wà lórí ìwé nígbà náà, ìwé á padà sí orílé-iṣẹ́, wọn á tún un yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, wọn á rí i pé ọmọ awakùsà ló ni ilé. Nítorí náà, bí ilé méjìlá bá lè dé aago méjì ọjọ́rú láìsí ọwọ́ lórí ìwé, wọ́n bọ́.

Ọjọ́rú dé. Ọ̀gá ti ní ètò tirẹ̀. Ó ní òun kò ní rìn wọ gbọ̀ngàn bí èèyàn lásán, ilẹ̀ ló máa bí òun. Bí agogo mẹ́wàá bá lù, òun á jáde láti ẹnu ihò pẹ̀lú fìtílà lọ́wọ́ kan àti Òpùrọ́ lọ́wọ́ kejì, afọ́tò á sì ti dúró síta. Kó sì lè dà bíi pé ilẹ̀ bí i lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí i nígbà tó ń wọlé. Ó rán ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ihò lọ sílé kó lọ wọ aṣọ tuntun tó ní bọ́tìnnì mẹ́rìndínlógún. Bí ọlọ́dẹ ṣe ń de bọ́tìnnì kan tẹ̀ lé òmíràn nílé, ọ̀gá wọ aṣọ funfun, ó kó òkú méje sọ́rùn, ó rọra wọnú ihò.

Kò fi nọ́ńbà kankan kọ́. Fún kí ni? Ẹni kékeré ní í fi nọ́ńbà kọ́.

Ọlọ́dẹ padà dé, ó wo pátákó. Ọdún méjìlélógún ló ti ń ṣọ́ ibẹ̀, àfi láti ìgbà tí ọ̀gá ti kó nọ́ńbà lọ, kò rí i kó ṣófo rí. Ó wo ògiri, ó ka òfin. Ó rántí pé olùyẹ̀wò ń bọ̀ lónìí, kò sì fẹ́ kí wọ́n bá òun lẹ́bi. Ó wá kọ́kọ́rọ́ jáde, ó ta epo sí i, ọwọ́ méjèèjì ló fi yí i kó tó dún.

Ṣé ọ̀gá kò gbọ́ ni? Kò gbọ́. Ó ti jókòó sórí àpótí kan nínú lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn awakùsà ti máa ń pààrọ̀ aṣọ, ó ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dánra wò. Ó ní, "Èmi!" Ihò sì ní, "Èmi! Èmi! Èmi!" Ó ní, "Ta ló dà bí èmi?" Ihò tún gbè é. Kò tíì rí àwùjọ tó mọ̀wàá hù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ìgbà tí ìyìn fi rọlẹ̀, tó dìde láti jáde, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó sì rí i pé ilẹ̀ tó fẹ́ bí i ti yí ọkàn padà. Ẹni tí ilẹ̀ fẹ́ bí kì í kànkùn, ó padà sínú lọ́hùn-ún lọ wá ọ̀nà mìíràn.

Afọ́tò ní tiẹ̀ dé ẹnu ihò nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí agogo lù, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó rò pé ọ̀gá ti yí ètò padà, ó lọ sí gbọ̀ngàn. Níbẹ̀, ó bi akọ̀wé. Akọ̀wé ní, "Wọ́n wà."

Olùyẹ̀wò jẹ́ obìnrin tínínrín kan, ó gbé báàgì kan ṣoṣo, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún òun. Wọ́n fi í jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ńlá aláwọ tí wọ́n gbé wá láti ọ́fíìsì. Akọ̀wé dìde, ó tẹ̀ ba fún àga, ó kí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì oyè. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń wá ìgbéga ń nu omijé. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ọ̀gá, akọ̀wé ní ọ̀gá ti pàṣẹ pé kí òun bá wọn kà á.

Olùyẹ̀wò wo àga. Ó wo akọ̀wé. Ó ní, "Ọ̀gá yín dà?"

"Wọ́n wà, mà."

"Níbo?"

"Lórí ìjókòó wọn, mà."

Ó bi ẹni kejì, ó bi ẹni kẹta. Wọ́n wà. Ó ní kí wọ́n gbé rẹ́jísítà wá, wọ́n gbé e wá. Aago mẹ́jọ, ó wà. Aago mẹ́sàn-án, ó wà. Aago mẹ́wàá, ó wà. Ó yẹ aago ọwọ́ rẹ̀ wò, mẹ́wàá àbọ̀ ni. Rẹ́jísítà ti kọ ti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó gbé rẹ́jísítà náà sórí itan, ó pọwọ́ lé e, ó ní kí wọ́n máa bá ètò lọ.

Bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ fún àga fún wákàtí méjì gbáko nìyẹn, tí ìwé ilé méjìlá wà lórí tábìlì pẹ̀lú gègé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò sí ọwọ́ tó máa mú gègé.

Ìyá Onínọ́ńbà wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tí wọ́n lè bẹ̀ bí kò ṣe àga. Nígbà tí ọ̀sán pé, ó dìde. Pátákó ṣófo, kò sí ohun tó fẹ́ nù níbẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Ó bá ọlọ́dẹ lẹ́nu ihò tó ń la òógùn nínú bọ́tìnnì. Ó rí i pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, ó sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà bó ṣe máa ń pè é. Ẹ̀kẹsàn-án. Ó dákẹ́. Ẹ̀kẹrìnlá. Ó dákẹ́. Ó pe kọkànlélọ́gbọ̀n.

Ohùn kan láti inú ní, "Mo wà níbí!"

Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ọgọ́ta ọdún, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọgọ́ta ọdún ni òun àti ìyá rẹ̀ ti ń dákẹ́ dúró de gbólóhùn yẹn. Kó tó lè mí, ohùn náà tún gbé e: "Èmi Alábòójútó Àgbà Pátápátá ni! Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yin aláìnírònú, kí n tó lé gbogbo yín lẹ́nu iṣẹ́!"

Ọlọ́dẹ ti di kọ́kọ́rọ́ mú, àmọ́ kò fi sínú ihò rẹ̀. Ó wo ojú ọ̀nà síwá sẹ́yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá, aago méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ó ku wákàtí méjì kí obìnrin yẹn lọ. Afẹ́fẹ́ wà nínú ibẹ̀, kò ní kú. Ẹ jẹ́ kó lo díẹ̀ sí i. Ilé yín rèé, ẹ wò ó."

Ìyá Onínọ́ńbà wo ilé náà. Òrùlé páànù, aṣọ lórí okùn, àga ìta tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí.

Ó wá ní, "Ọmọ ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ni mí, ọlọ́dẹ. N ò ní jókòó síta kí n máa gbọ́ ọ."

"Ó máa fọwọ́ síwèé o."

"Kó fọwọ́ sí i. Ṣí i."

Ṣùgbọ́n kí ọlọ́dẹ tó ṣí i, Ìyá Onínọ́ńbà wọnú ahéré. Ìdérí agolo mílíìkì kan wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó fi ẹfun kọ nọ́ńbà ọ̀kan sí i, ó fi ìṣó dá a lu, ó fi kọ́ sórí pátákó. Èèyàn wà nínú ihò, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ kọ́.

Ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀gá tó wọlé. Fìtílà ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ti ń fọwọ́ táràrà lára ògiri kiri, ó ti ṣubú sínú ẹrẹ̀ pupa ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Láti irun orí dé gìgísẹ̀, pupa foo. Aṣọ funfun di pupa, eyín di pupa. Ojú rẹ̀ nìkan ló funfun. Ẹ rò pé ó dúpẹ́ bí? Ó bi wọ́n pé aago mélòó ni, ó bú ọlọ́dẹ, ó sì sáré gba ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ nítorí ìwé rẹ̀.

Ẹni tó ń wá ìgbéga ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó na ọwọ́ dí i, ó ní níbo lò ń lọ, ìwọ alágbàṣe yìí, àwọn àgbà wà nípàdé.

"Èmi ni ọ̀gá!"

"Ọ̀gá wà nínú ilé, lórí ìjókòó."

Ó tì í kúrò lọ́nà, ó já wọlé. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú. Ó pe akọ̀wé lórúkọ oyè, ó ní kó wá sọ fún wọn ẹni tí òun jẹ́.

Ẹ dúró síbi yìí kẹ́ ẹ wo akọ̀wé dáadáa. Ó dá ohùn náà mọ̀, ó dá ẹ̀gbà ọrùn náà mọ̀, òun ló ra okùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún olùyẹ̀wò láti àárọ̀ pé ọ̀gá wà lórí àga. Bí èyí bá jẹ́ ọ̀gá, kí ni òun ti ń kí láti wákàtí méjì? Ó wo ọ̀gá rẹ̀ látòkè délẹ̀, ọ̀gá tó ti ń pàtẹ́wọ́ fún láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n rí, mà. Ọ̀gá wa wà." Ó sì tẹ̀ ba fún àga.

Ẹni kejì náà kò mọ̀ ọ́n. Ẹni kẹta kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ń lọ láti orí ìlà kan sí òmíràn, ó ń nàka sí àyà ara rẹ̀, ẹrẹ̀ ń kán sílẹ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú àwọn tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ pe orúkọ rẹ̀.

Ìyá Onínọ́ńbà ti dé ẹnu ọ̀nà. Olùyẹ̀wò bi gbogbo ilé bóyá ẹnìkan wà tó mọ ọkùnrin yìí.

Ìyá Onínọ́ńbà ní, "Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ọ̀gá wọn ni. Inú ihò ló wà láti àárọ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n ṣí i. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, bàbá mi wà lọ́rùn rẹ̀, nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n. Ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò, ẹ ó kà á."

Wọ́n nù ún. Wọ́n kà á.

Ọ̀gá Ó-Wà gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n dá láre. Ó na ọwọ́ sí gègé. "Ẹ ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ síwèé."

Olùyẹ̀wò gbé rẹ́jísítà kúrò lórí itan, ó sì gbé e lé orí ìwé ilé méjìlá pẹ̀lẹ́.

"Ọwọ́ ta ni àṣẹ tí mo kà lára ògiri ọ́fíìsì yín láàárọ̀, pé kí wọ́n máa kọ 'Ó wà'?"

"Ọwọ́ mi ni. Òfin ni."

"Ó dáa. Bí rẹ́jísítà yìí bá sọ òótọ́, ọ̀gá wà lórí àga yẹn láti aago mẹ́jọ, ẹ̀yin kì í ṣe ọ̀gá, ẹ ò lè fọwọ́ sí nǹkan kan. Bí ẹ̀yin bá jẹ́ ọ̀gá, ẹ wà nínú ihò láti àárọ̀, rẹ́jísítà purọ́, àṣẹ yín ló sì mú un purọ́, láti ọjọ́ tó ti wà lára ògiri títí dé ìparí ọdún tí a kò tíì rí. Èwo lẹ fẹ́?"

Ọ̀gá wo akọ̀wé, akọ̀wé ń wo àga. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọkùnrin náà ronú, ó ronú gan-an, ó sì fẹ́ yàn pé òun wà ní ibi méjèèjì. Kó tó la ẹnu, olùyẹ̀wò ti kó ìwé àti rẹ́jísítà sínú báàgì kan ṣoṣo tó gbé wá, ó ní kó bọ́ ẹ̀gbà ọrùn sílẹ̀, kó má sì dé ọ́fíìsì mọ́ títí wọn á fi ránṣẹ́ pè é.

Wọn ò ránṣẹ́ pè é. Ìwé ilé méjìlá lọ sí orílé-iṣẹ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n rí ẹni tó ni ilé. Akọ̀wé ti ń kí ọ̀gá tuntun kó tó dé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́rú yẹn kò tíì tán. Ìyá Onínọ́ńbà já okùn ẹ̀gbà ọrùn, ó fọ nọ́ńbà méjèèje nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó kó wọn padà sórí ìṣó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ọkùnrin pupa náà ń kọjá lọ sílé lẹ́bàá ògiri, nítorí awakọ̀ rẹ̀ ti ní òun kò mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà pè é. Látọjọ́ tó ti ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ" ló ń lò fún un, òun tí ó lè bí i lọ́mọ.

Ó nàka sí ìdérí agolo mílíìkì lórí pátákó. "Ìwọ ti jáde," ó ní. "Mú tìẹ."

Ó dúró. Ọlọ́dẹ ń wò ó, gbogbo ilé méjìlá ti jáde síta, wọ́n ń wò ó. Ó na ọwọ́ pupa, ó mú ìdérí agolo kúrò lórí ìṣó, ó dì í mú bí ẹni tí kò mọ ibi tó máa fi sí, ó sì ń lọ.

Méje ló kù tó kọ́. Ọlọ́dẹ kà wọ́n, ó ka òfin ara ògiri, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Ilẹ̀kùn kò tíì tì títí di òní.